Àfọ̀njá Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Nínú Ìwé Ìtàn Àlùfáà Johnson

Nínú àwọn ìwé tí àwọn olùkọ́ wa ń lò, díẹ̀ ni èyí tí a ń ṣí tó ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Nínú ìwé náà pẹ̀lú, díẹ̀ ni ojú ewé tí a ń kà sókè tó èyí tí ó sọ bí a ti pa Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Ìlọrin. A ti gbọ́ ọ ní ẹnu olùkọ́, a ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù, àwa tìkára wa sì ti fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a ti máa ń sọ ọ́ ni èyí: ọkùnrin agbéraga kan ṣọ̀tẹ̀ sí ọba rẹ̀, ọba fi í gégùn-ún, ó pe àjèjì wọ ìlú, àjèjì náà sì pa á. Lẹ́yìn náà ni a ó fi í wé Ábúsálómù tàbí Áhítófẹ́lì, ìjọ yóò sì ṣe àmín.

Ní àìpẹ́ yìí ni a tún ka ìtàn náà láti ìgbà tí Aláàfin Awólẹ̀ ti gorí oyè títí dé ibi tí a ti sun òkú Àfọ̀njá. A kà á ní ìjókòó kan, kì í ṣe gbólóhùn kan níhìn-ín, gbólóhùn kan lọ́hùn-ún. Ohun tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ti ń wàásù. Ohun tí Johnson kọ pọ̀ ju ohun tí àwa ń kà lọ. Ṣùgbọ́n a rí i pẹ̀lú pé Johnson kò jẹ́ kí ìdájọ́ rẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀rí tí òun tìkára rẹ̀ kó jọ, àti pé níbi tí ìtàn bá ti dùn jù ni a ti gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra jù.

Kí a tó sọ ohunkóhun, ó yẹ kí a fi ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ. Ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni a bí Samuel Johnson ní ọdún 1846. Ní 1858 ni bàbá rẹ̀ kó wọn wá sí Ìbàdàn, láti ṣe olùrànlọ́wọ́ fún Àlùfáà David Hinderer. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Abẹ́òkúta, ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, nígbà ogun Èkìtì Parapọ̀ ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ àlàáfíà, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, ó sì kú ní 1901 gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Ọ̀yọ́. Ó ti parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí kò bá ṣe ti àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ẹni tí ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kì bá tí jáde ní 1921. Àwa tí a ń jẹ nínú oko tí ẹlòmíràn ti ṣán, a kò gbọdọ̀ tìtorí kùkùté kan tàbí méjì bú ẹni tí ó ṣán an.

Ṣùgbọ́n kùkùté wà níbẹ̀. Èkíní ni pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò ní ilé bàbá. Síbẹ̀ ó yẹ kí ònkàwé fi í sí ọkàn. Nínú ìwé rẹ̀, ìgbà Abíọ́dún ni ìgbà àlàáfíà àti ọ̀pọ̀, ibi sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tí wọ́n wà ní etí òkun nígbà náà kọ ohun mìíràn sílẹ̀. Ní 1783, nígbà tí Abíọ́dún ṣì wà lórí ìtẹ́, àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí 1790, àwọn Tápà tún ṣẹ́gun wọn. Nítorí náà, nígbà tí Àfọ̀njá gba oyè Kakaǹfò, ilé tí ó wọ̀ ti ń jò kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ka Johnson nìkan yóò rò pé Àfọ̀njá ni ó ṣí òrùlé náà.

Èkejì ni ti àwọn ẹlẹ́rìí. Johnson sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé lẹ́nu àwọn arọ́kin ni òun ti gba ìtàn àtijọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà Abíọ́dún wá, lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ni. Ó dárúkọ David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, àti Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, ẹni tí ó jẹ́ Ìmàle. Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún wò. Ní nǹkan bí 1796 ni Awólẹ̀ kú. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní ọjọ́ náà yóò ti lé ní 90 ọdún ní 1870, nígbà tí Johnson jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè jókòó ti àgbà kí ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ní 1823 tàbí 1824 ni Àfọ̀njá kú. Ọmọ 20 ọdún ní ọjọ́ yẹn kò tí ì pé 70 ní 1870. Nítorí náà ikú Àfọ̀njá lè jẹ́ ohun tí ojú rí. Ikú Awólẹ̀, ó ṣòro kí ó jẹ́ ju ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó gbọ́ ọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan náà, tí kò mì rárá, ni Johnson fi sọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Ìwéré. Baba ńlá Àfọ̀njá ni ó tẹ Ìlọrin dó. Pásín tí ó wà nínú ìran rẹ̀ ni Baṣọ̀run Gáà pa, nítorí ó kọ̀ láti tẹrí ba fún ẹni tí ó gba agbára lọ́wọ́ ọba. Ìran náà kì í ṣe ìran ọlọ̀tẹ̀. Láti ìhà ìyá rẹ̀ Àfọ̀njá tan mọ́ ìdílé ọba, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí Awólẹ̀ fi ń wò ó pẹ̀lú ìfura nígbà tí ó béèrè oyè Kakaǹfò, tí ó sì fi agbára gbà á. Johnson ròyìn oyè náà dáradára: gbẹ́rẹ́ 201 tí a ń sín sí orí ẹni tí a fi jẹ ẹ́, awọ ẹkùn tí ó ń lò, ọ̀pá tí kò gbọdọ̀ padà láìṣẹ́gun. Òfin rẹ̀ le: ìlú tí a bá rán an sí, kí ó ṣẹ́ ẹ ní oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó kú.

Òfin yìí gan-an ni ọba fẹ́ fi pa á. Ọba wá ìlú tí apá kò ká, ó sì rí Ìwéré, tí òkè àti odi ṣe ààbò rẹ̀, ìlú ìyá Aláàfin Ajagbó tí ó kọ́kọ́ fi ènìyàn jẹ Kakaǹfò. A kò sọ ibi tí ogun ń lọ fún balógun náà títí ó fi dé ẹsẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n àṣírí ti tú. Ogun yí padà níbẹ̀, wọ́n pa àwọn ará ààfin tí ọba rán tẹ̀lé wọn, Àfọ̀njá pẹ̀lú Baṣọ̀run Aṣamú àti Oníkòyí sì padà lọ dó ti Ọ̀yọ́ títí a fi ránṣẹ́ igbá òfìfo sí ọba.

Àwa tí a ti ń wàásù Ábúsálómù, báwo ni a ṣe fo Ùráyà ará Hítì? Dáfídì kọ ìwé sí Jóábù pé kí a fi Ùráyà sí iwájú ibi tí ogun gbé le, Ùráyà sì tìkára rẹ̀ gbé ìwé ikú ara rẹ̀ lọ. Ọ̀ràn Ìwéré kò yàtọ̀ sí èyí, bí kò ṣe pé Ùráyà tiwa ti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé kí ó tó dé ojú ogun. A kò sọ èyí láti dá Àfọ̀njá láre. Àwọn ará ààfin tí a pa ní ẹsẹ̀ òkè náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ dè, ó ti bọ́ lọ́wọ́ orúkọ kan tí a ń pè é lásán. Johnson fi gbogbo èyí sí ojú ewé rẹ̀ láìbò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó wá tó àkókò láti dájọ́, ìgbéraga ìjòyè nìkan ni ó rántí.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó kan wa jù lọ, àwa Onígbàgbọ́, èyíinì ni èpè Awólẹ̀. Gbogbo wa mọ bí Johnson ti sọ ọ́: ọba jáde sí àgbàlá ààfin, ó ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó fi àwọn ìjòyè àti ọmọ wọn ré pé ibi tí ọfà lọ ni a ó kó wọn lẹ́rú lọ, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má bàa ní àtúnṣe, ó sì kú. Títí di òní yìí àwọn kan nínú wa ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè tú èpè náà kúrò lórí ìran Yorùbá. Bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i, ìwé Àlùfáà Johnson ni wọn yóò nà sí wa, bí ẹni pé nítorí àlùfáà ni ó kọ ọ́, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé kan náà padà sí ojú ewé díẹ̀ ṣáájú. Níbẹ̀ ni a ó ti rí Awólẹ̀ kí ó tó jọba, nígbà tí ó ń ṣòwò lọ sí ọjà Apòmù. Nígbà náà àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó ń bá ọjà náà lọ ń sọnù, a ń jí wọn tà. Aláàfin àti Ọọ̀ni sì ti pàṣẹ fún Baálẹ̀ Apòmù pé kí ó máa ṣọ́ ọjà náà lójú méjèèjì. Ta ni Baálẹ̀ náà mú? Awólẹ̀ ni, ó tà ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn. Baálẹ̀ nà án, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ aládé yìí dé orí ìtẹ́, ìlú àkọ́kọ́ tí ó fẹ́ kí ogun lọ jà ni Apòmù, Baálẹ̀ náà sì pa ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má bàa parun. Èyí ni ẹnu tí ó fi oko ẹrú gégùn-ún. Kí Johnson kọ méjèèjì sí inú ìwé kan, láìsọ ọ̀rọ̀ kan lórí bí wọ́n ti bá ara wọn mu, ó yà wá lẹ́nu. Bóyá ó rò pé ojú wa yóò rí i fúnra wa. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ó ti dá wa mọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí a kò rí i.

A kò sẹ́ pé Awólẹ̀ fi ènìyàn ré. Ẹni tí a ti fún ní igbá òfìfo lè sọ ohunkóhun. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tí ó ròyìn rẹ̀ fún Johnson ti rí ohun gbogbo tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn, ìlú tí ó fọ́, ọmọ tí a kó lọ, kí wọ́n tó ròyìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọba sì rọrùn láti gbà kí ó bá ohun tí ojú ti rí mu. Clapperton, òyìnbó tí ó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, nígbà tí ọ̀ràn náà ṣì tutù, kọ sílẹ̀ nípa ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Gàmbàrí ní Ìlọrin. Èyí ni a ó tẹ̀lé.

Lẹ́yìn ikú Awólẹ̀, Àfọ̀njá kò sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ó pe Álímì, àlùfáà Fúlàní, wá sí Ìlọrin. Ó mú Ṣọlágbẹrú, Ìmàle tí ó jẹ́ Yorùbá, ní ọ̀rẹ́, ẹni tí ó kó àwọn Ìmàle Yorùbá jọ sí Òkè-Súnnà. Ní nǹkan bí 1817 ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹrú Gàmbàrí yòówù tí ó bá sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní Jàmáà. Wọ́n ń fi òrùka irin sí ìka, wọn a sì máa fi lu ti ara wọn bí wọ́n bá ń kí ara wọn. Àwọn ni ó fi ń jà, àwọn ni ó sì ń kó ìgbèríko ní ìkógun, títí tí òun tìkára rẹ̀ kò fi lè ká wọn lọ́wọ́ kò mọ́.

Níhìn-ín a gbọ́dọ̀ fún Johnson ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí ó ṣe òdodo ju àwa tí a ń fi orúkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Kò sí níbìkan nínú ìwé rẹ̀ tí ó sọ pé Álímì wá láti gba ìlú. Ó sọ pé Álímì kò ní i lọ́kàn rárá láti fi Ìlọrin ṣe ilé, pé ó tilẹ̀ ń múra àtipadà kí a tó bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ pé ète Ìmàle ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe lọ́wọ́ Johnson ni ó ti kọ́ ọ. Nínú ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ Onígbàgbọ́ àti ọmọ Ìmàle jọ ń jókòó lórí àga kan ni. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní wákàtí ẹ̀kọ́ ìtàn, wọn yóò gbé e jáde lọ sí pápá ìṣeré.

Ẹnìkan ṣoṣo, Fágbóhùn Baálẹ̀ Jábàtà, ni Johnson sọ pé ó ní ìgboyà láti kìlọ̀ fún Àfọ̀njá nípa Jàmáà. Ère rẹ̀ ni pé a fẹ́ pa á, ó sì sá. Nígbà tí Àfọ̀njá wá la ojú, tí ó pinnu láti tú wọn ká, ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn, wọ́n sì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ká a mọ́ ilé. Ó ránṣẹ́ sí Ṣọlágbẹrú. Ṣọlágbẹrú kò dìde. Àwọn ìjòyè ìgbèríko tí ìbá gbà á là jìnnà. Ó jà pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn tí ó kù títí wọ́n fi ṣubú yí i ká. Johnson sọ pé ọfà gún un tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi lè ṣubú, tí ó dúró lórí ọfà, tí àwọn tí ó pa á kò lè súnmọ́ ọn nítorí ẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sun ún di eérú.

Kò sí ibòmíràn nínú orí náà tí gègé Johnson ti gbóná tó báyìí. Ẹni tí ó ti ń bá wí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó wá gbé ga ní ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí akọni tí kò fi ẹ̀yìn han ọ̀tá. Àwa kò rí àléébù nínú pé ó gbé e ga. Ìgboyà Àfọ̀njá kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ìwé Àwọn Ọba yóò gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́yìn ohùn yìí. Míkáyà nìkan ni ó sọ òtítọ́ fún Áhábù, a sì fi í sínú túbú. Ọfà ni ó ba Áhábù. A sì gbé e ró nínú kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ níwájú àwọn ará Síríà, títí ó fi kú ní àṣálẹ́. Akìlọ̀ kan ṣoṣo, ọfà, ẹni tí ó ń kú tí kò dùbúlẹ̀: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. A kò sọ pé Johnson hun un. A gbà pé ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí irú òkú tí ó dúró yìí ni àwọn tí ń ki akọni fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n àlùfáà tí ó ti ń ka ẹ̀kọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe rẹ̀ yóò mọ bí a ti í sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kò sì ní bi ẹlẹ́rìí rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa tí a ń kà á ni èyí: ọfà Awólẹ̀ ń lọ láti ojú ewé kan, ọfà Jàmáà ń bọ̀ ní ojú ewé mìíràn, ọkàn wa sì so wọ́n pọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa. Ọ̀nà tí ìtàn fi ń di àlọ́ nìyẹn. Bí a bá ti so wọ́n pọ̀, a kò tún ní béèrè mọ́ pé, àwọn wo gan-an ni ó ta ọfà kejì?

Johnson dáhùn rẹ̀ nínú gbólóhùn kan tí a kì í dúró tì. Ó ní àwọn ẹrú Gàmbàrí wọ̀nyí ni ẹni tí ń fá orí, ẹni tí ń ṣe okùn, ẹni tí ń da màlúù ní àwọn ìlú tí ó wà nítòsí. Kò sí ilé ọlọ́rọ̀ kan tí kò mọ̀ wọ́n. A ti rà wọ́n láti òkè wá gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta àwọn mìíràn lọ sí etí òkun, ní ọjọ́ Abíọ́dún tí a ń pè ní ọjọ́ àlàáfíà pẹ̀lú. Ẹni tí abẹ rẹ̀ ti wà ní ọrùn olówó rẹ̀ ní àràárọ̀ fún ogún ọdún, tí kò sì ṣe nǹkan, ni Àfọ̀njá fún ní ọfà. Johnson pè wọ́n ní olè àti oníwà ipá, ohun tí wọ́n sì ṣe ní ìgbèríko fi hàn pé kò purọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo orí náà, ojú ẹni tí ẹrú rẹ̀ sá lọ ni ó fi wo ọ̀ràn, òun tí òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Sàró wá, láàrin àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Níhìn-ín ni a ti retí kí ó sọ̀rọ̀ jù, níhìn-ín ni ó sì ti dákẹ́.

Tóyèjẹ Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó jẹ Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá, kó àwọn Yorùbá jọ láti lé wọn kúrò ní Ìlọrin, a sì ṣẹ́ wọn ní Ògèlé. Abdul Salami ọmọ Álímì sì di Ẹ́míà.

Bí olùkọ́ kan bá bi wá léèrè bí òun yóò ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó má ṣe ka ikú Àfọ̀njá láì kọ́kọ́ ka ọ̀ràn Apòmù àti ti Ìwéré, kí ó sì fi ìwé kan mìíràn tì í, èyíinì ni lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837 láti ròyìn bí a ti mú un lẹ́rú ní Òṣogùn. Ogun tí ó fọ́ ìlú náà, ó ní àwọn Ìmàle Ọ̀yọ́ ni, pẹ̀lú àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú àjèjì tí wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Irú àwọn kan náà ni. Ọmọdékùnrin tí a fi okùn so mọ́ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni a wá yà sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. A kò sọ pé Àfọ̀njá ni ó rán wọn sí Òṣogùn. Ọdún 1821 ni. Àfọ̀njá ṣì wà láàyè ní Ìlọrin, òun sì ni Kakaǹfò.